Tọ́bò Tó Pòórá Lọ́gbà Bàbá Nọ́ọ̀tì

“Mo ní kí o san án! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sára géètì ni?”

Akọ̀wé báńkì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́gbà mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń na ìka sójú ẹni tó tó bí i lọ́mọ. Bàbá Nọ́ọ̀tì, mẹkáníìkì tó ni ọgbà náà, ló ń bú. Láti ogún ọdún tí bàbá yìí ti ń tú ọkọ̀, nọ́ọ̀tì oníbàárà kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ náà ni ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lára tó fi fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára géètì pé ohun tó bá sọnù níbí, òun ni yóò san án.

Nǹkan ti wáá sọnù. Ọkọ̀ ìsáré tòkunbọ̀ tí akọ̀wé náà rà, tí wọ́n ṣe ní Japan, dúró níwájú wọn, pupa fòò, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀. Tọ́bò rẹ̀ ti lọ lóru ọjọ́ Àìkú mọ́jú, irin tó ká bí ìgbín, tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè fò. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Èyí tó tóbi jù ú lọ ló kù, kí Bàbá Nọ́ọ̀tì sì tó lè rà á, àfi kó ta ẹ̀rọ tó fi ń gbé ọkọ̀ sókè, kó sì ti ọgbà pa.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá wo ọ̀ràn náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn ọ̀daràn ń pè ní Abẹ́rẹ́. Kì í pariwo, kì í sáré. Ìgbà tó bá gún ọ tán lo máa mọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó tẹ orí ba wo inú ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà pípẹ́. Olè náà ti fi aṣọ mímọ́ dí gbogbo ẹnu páìpù tó tú, ó fi rọ́bà so ó, ó sì dá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan padà sí ibi tó ti tú u.

Abẹ́rẹ́ béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ géètì ń wà. Bàbá ní abẹ́ òkúta ló ń wà, gbogbo oníbàárà ló mọ̀ ọ́n. Ó béèrè bóyá ìjà wà láàárín bàbá àti akọ̀wé. Bàbá ní ìjà kọ́, àríyànjiyàn ni. Akọ̀wé fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kún agbára ọkọ̀, òun sì ní bíréèkì ló kàn, lẹ́yìn náà táyà.

“A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá,” ni bàbá wí. “Ọkọ̀ tí kò lè dúró, kí lẹ fẹ́ fi eré rẹ̀ ṣe?”

Akọ̀wé gbé ìwé ètò ìnáwó ọkọ̀ náà jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Iye, ọjọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ rà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jọ fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ra bíréèkì, wọ́n ti ra táyà. Sípíríǹgì àti ọ̀dà ló kù, lẹ́yìn ìyẹn, owó tán. Tọ́bò ńlá kò sí níbì kankan nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n rìsíìtì kan há sáàárín ojú ewé tó kẹ́yìn, ti gáásíkẹ́ẹ̀tì kan, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń há sáàárín irin méjì kí èéfín má baà jò, àti páìpù kan, tí ìyàwó kò fọwọ́ sí. Akọ̀wé ní ohun kékeré ni, kò tó ohun tí à ń dààmú ìyàwó sí. Abẹ́rẹ́ ní òun á yá ìwé náà wò.

Obìnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní òdìkejì òpópónà dá rìsíìtì rẹ̀ mọ̀ lójú kan náà. Abẹ́rẹ́ bi í bóyá gáásíkẹ́ẹ̀tì yẹn lè ba tọ́bò àtijọ́ mu. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Ẹ̀yin náà, ìdérí ìkòkò ńlá lẹ fẹ́ fi bo ife? Ti tọ́bò ńlá nìyẹn. Mo bi akọ̀wé yẹn pé, ‘Ìwọ tí o ò ní tọ́bò ńlá, kí lo fẹ́ fi í ṣe?’ Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.”

Ní Ọjọ́rú, Abẹ́rẹ́ kó wọn jọ sídìí ọkọ̀ pupa náà, ó sì ránṣẹ́ pe ìyàwó akọ̀wé, olùkọ́ jẹ́jẹ́ kan tó gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

“Olè tó ń sá kì í dí ihò,” Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. “Kí ló kàn án bí yanrìn bá wọnú ẹ́ńjìnnì ọlọ́kọ̀? Ẹni tó yọ tọ́bò yìí fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ó sì mọ̀ pé yóò tún sáré.”

“Mẹkáníìkì nìyẹn nígbà náà,” akọ̀wé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Mẹkáníìkì tí yóò jí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa san? Ọ̀gbẹ́ni, ìwé rẹ dára, n kò rí irú rẹ̀ rí. Owó tọ́bò ńlá kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ méjìlá kí olè tó wọlé, o ti ra gáásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. O mọ̀ pé ti àtijọ́ máa sọnù, pé irú rẹ̀ ò sí lọ́jà, pé géètì bàbá yìí ló máa san ti ńlá.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ó ní rìsíìtì kì í ṣe tọ́bò, kí wọ́n fi tọ́bò hàn án ná.

Abẹ́rẹ́ yíjú sí olùkọ́. “Ìyàwó, ẹrù àjèjì kankan ha wọlé yín láti ọjọ́ Àìkú?”

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

“Ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn wa, mà. Ó wúwo, wọ́n fi ìwé aláwọ̀ góòlù wé e. Ọkọ mi ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí mi ni, kí n má fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ yóò fi pé.”

“Ìgbà wo ni ọjọ́ ọ̀hún?”

“Àná ni, mà. Ó ṣì wà lábẹ́ ibùsùn.”