Pákó Kan, Ibùsùn Méjì

Táwà ń gbé ní Kofar Marke, ní ìlú Sókótó.
Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, nǹkan kan dún nínú yàrá. Gbì!
Quadri, àbúrò Táwà, ló yí ṣubú láti orí bẹ́ẹ̀dì Màmá.
Ó ké, ó ké. Màmá gbé e mọ́ra títí ó fi dákẹ́.

"Ọmọ yìí nílò ibùsùn tirẹ̀," ni Màmá wí. "Èyí tó ní ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Bàbá wo pákó fífẹ̀ tó fara ti ògiri. Òun nìkan ló kù.
"Táwà, pákó ibùsùn rẹ nìyí. Ṣé kí n fi ṣe ti Quadri ná? Kí tìẹ dúró díẹ̀?"

Táwà wo pákó náà.
Látìgbà tí wọ́n ti bí Quadri ló ti ń sùn lórí ẹní.
Ó ti ń retí ibùsùn náà. Ó ti ń retí, ó ti ń retí.
Ṣùgbọ́n ó wo iwájú orí Quadri. Ó ti wú.

"Bàbá mi, ṣé kò lè tó àwa méjèèjì ni?"

Bàbá na téèpù. Wọ́n fi pẹ́ńsù ya ibùsùn Táwà. Wọ́n ya ti Quadri sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pákó kò gbà á.
"Kò tó." Wọ́n mú ayùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e," ni Táwà wí.

Bàbá gbé ayùn sílẹ̀.
"Òótọ́ ni. Pákó tí a bá ti gé kì í hù padà. Jẹ́ ká tún un rò."

Àǹtí Larai, aládùúgbò wọn, ń kọjá lọ. "Sannu da aiki," ni wọ́n fi kí Bàbá kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá. Wọ́n fún Táwà ní páálí bísíkíìtì tó ti ṣófo.

Bàbá gé páálí náà. Ègé ńlá kan dúró fún pákó. Èyí ni ibùsùn Táwà. Èyí ni ti Quadri. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni ẹ̀gbẹ́ wọn.

Táwà tò wọ́n sórí ègé ńlá. Kò gbà.
Ó tún wọn tò. Kò gbà.
Ó sún tirẹ̀ lọ sí igun. Ó yí ti Quadri sí ìbú. Ó ki àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín.
Ó gbà!
Ègé kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí àyè.

"Pákó ìgbérí rẹ nìyẹn, èyí tó máa wà níbi orí ibùsùn," ni Bàbá wí.
Táwà ronú. Ó ronú pẹ́.
"Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ gbé ibùsùn mi ti ògiri. Ògiri á gba orí mi dúró."

Bàbá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ayùn ń dún: ṣẹ̀rẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀kẹ̀.
Òòlù ń dún: kó, kó, kó.
Lẹ́búlẹ́bú pákó nìkan ni Màmá rí gbá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ibùsùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.
Táwà dùbúlẹ̀ sórí tirẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ dáadáa.
Quadri na ọwọ́ jáde láàárín ọgbà.
Ó di ìka Táwà mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí oorun fi gbé àwọn méjèèjì lọ.