Inú Ẹ̀ Ti Dí

Ẹ̀gbẹ́ ni tíṣà ìṣirò náà fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé, torí ẹ̀rọ kọfí tó gbé mọ́ àyà kò jẹ́ kó ríwájú. Òógùn ti mu ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ọkùnrin atúnẹ̀rọṣe tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè, ó sì gbàgbé pé nọ́ọ̀tì irin kékeré kan wà láàárín eyín òun. Díẹ̀ ló kù kó gbé e mì.

"Ó ń kùn, àmọ́ kò tu omi jáde," obìnrin náà wí. "Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé tún ṣe."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan, mà."

"Ojú yín ti ń sọ ọ́."

Nǹkan mìíràn ni ojú rẹ̀ ń sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà, ó sì pe obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó ní tó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oníṣẹ́ kankan kò ní lè rẹ́ ẹ jẹ. Àpótí omi nìyí lẹ́yìn. Pọ́ǹpù nìyí, òun ló ń kùn yẹn, òun ló ń ti omi. Ìkòkò irin kékeré yìí ló ń mú omi gbóná. Asẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn yìí ni wọ́n ń tẹ kọfí lílọ̀ sí, omi á gba inú rẹ̀ kọjá, á ṣàn sínú ife. Ọ̀pá tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ yìí, ooru ló ń gba ibẹ̀ jáde tí wọ́n fi ń mú mílíìkì hó.

"Aago yìí ńkọ́? Kò sọ iye tó lù."

"Kì í ṣe aago, Tíṣà. Bí pọ́ǹpù ṣe ń ti omi tó ló ń sọ. Tó bá ti dúró sórí mẹ́sàn-án, kọfí á dùn."

"Kí ló wá dé tó fi jọ aago?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó padà wá ní Sátidé, rọ́bà pọ́ǹpù kò tíì dé. Sátidé pé, rọ́bà ò dé. Òmíràn tún pé, kò dé. Irọ́ ni. Rọ́bà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà sì ti rí i níbi tó ti ń wá bírò. Kò sọ̀rọ̀. Òun náà ń fẹ́ kí Sátidé tún pé.

"Rọ́bà yìí, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

"Ó ń bọ̀, ìfẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Tíṣà sún mọ́ ọn. "Tún un sọ," ó wí.

Wọ́n fi àdéhùn sí i pé Sátidé tó ń bọ̀, ọkùnrin náà yóò wá kí ìyá Tíṣà. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni Tíṣà nígbà náà. Ó ń wá ọkọ, ó sì ń fẹ́ bímọ, ọmọ yẹn gan-an ló máa ń gbàdúrà lé lórí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ó ti dàgbà. Ìta ẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ inú ẹ̀ ti dí. Àánú ló ń ṣe mí, òun ni mi ò ṣe tíì dá a padà."

Ẹ wò ó, èdè wa yìí, "ó" kan náà la fi ń pe ènìyàn, la fi ń pe ìkòkò. Àwọn atúnẹ̀rọṣe sì nìyẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Tíṣà rò pé òun ni wọ́n ń sọ, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó yí padà, ó ń rìn, kò mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀, tí ọkùnrin náà ti fi rọ́bà tuntun sí, tó sì ti ń tu omi díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?" ọkùnrin náà bi í.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ" tó padà sẹ́nu rẹ̀ yẹn gún ọkùnrin náà lọ́kàn. Ó pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin náà kò gbé e, ọkùnrin náà sì jáwọ́. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti yanjú ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹ̀rọ náà kọ̀ pátápátá. Tíṣà gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní òdìkejì ìlú. Bàbá náà tú u, ó wò ó, ó mi orí.

"Ọmọ iṣẹ́ mi pè mí lórí ẹ̀rọ tó rí báyìí nígbà kan. Ìdọ̀tí omi ti dì sínú ẹ̀. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó ni ín, ó ní àánú ẹ̀ ń ṣe òun. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ obìnrin tó ni ín."

Tíṣà wá àga jókòó. "Ẹ̀rọ ló ń sọ, sà?"

"Kí ni ì bá tún máa sọ, ọmọ mi?"

Ọjọ́ náà gan-an ni Tíṣà lọ bá atúnẹ̀rọṣe náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ewú ti yọ létí ọkùnrin náà, kò sì tíì gbéyàwó. Nígbà tí Tíṣà ròyìn tán, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ojú ń tì mí. Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o ò wá mi wá?"

"Mo rò pé gírísì èékánná mi lo rí, tí o sì pa dà lẹ́yìn mi."

Wọ́n jókòó. Ó ti di ọ̀sán kí ọkùnrin náà tó ní, "Fẹ́ mi. Lọ́sẹ̀ yìí, tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

"Gbọ́ èyí ná. Dókítà ti sọ fún mi pé mi ò lè bímọ mọ́. Ó ní ká ní mo tètè wá ni, ọdún mẹ́rin, márùn-ún sẹ́yìn, ì bá ṣeé ṣe." Ó kọjú sí i. "Ṣé o ṣì ń fẹ́ mi?"

"Mo ń fẹ́ ẹ. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ẹ pé kò dùn mí."

Òótọ́ yẹn tù ú lára ju ẹ̀bẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ó ní òun gbà. Ó fi orí lé èjìká rẹ̀, ọkọ àti ìyàwó ọ̀la jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń sunkún ọmọ tí wọn ò ní bí.