Ẹni Tí Ó Rò Pé Igi Fẹ́ Ṣá Òun Pa

Ọwọ́ Anselme kì í sinmi. Ní Vridi, ní ìlú Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, igi ló ń fi í gé láti òwúrọ̀. Nílé, ní Koumassi Remblais, bí ó bá ti mu ọtí kutukú yó, Denise ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fi í lù.

Ní Sátidé kan, Denise sọ pé oúnjẹ kò tíì jinná. Ọkùnrin yìí fa pákó kan yọ nínú igi ìdáná, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eegun àgbọ̀n ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló gbà á sílẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Anyama.

Anselme ní, "Kó máa lọ! Á padà wá." Ẹ gbọ́ ìkà!

Ní ọjọ́ kẹta, níbi iṣẹ́, ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi so ìtì igi já. Ìtì yí lu Anselme, ó rún itan rẹ̀ wómúwómú, ó gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀san ò gbóògùn.

Bérenger, tí wọ́n jọ ń la igi, wá kí i ní ilé ìwòsàn. Ó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà sí i létí ní èdè Yorùbá, títí ó fi dé ibi tí igi igbó ti ń ṣápẹ́. Abidjan ni wọ́n bí Anselme sí, Yorùbá ìyá rẹ̀ kò yé e tán. "Ṣá pa" ló gbọ́.

Ó figbe ta. "Mo mọ̀! Igi máa ṣá mi pa! Vingt ans, ogún ọdún, ni mo fi gé wọn!"

Bérenger ní, "Non, rárá o, ọ̀rẹ́. Ṣápẹ́ ni, applaudir, kí èèyàn pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ ni! Òkè á kọrin, igi á ṣápẹ́, igi dáadáa á hù níbi tí ẹ̀gún wà."

"Ta ni wọ́n ń ṣápẹ́ fún?"

"Ẹni burúkú tó kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, tó padà sọ́dọ̀ Olúwa."

"Èmi tí mo fọ́ Denise lẹ́nu? Ikú ló tọ́ sí mi."

"Ó tọ́ sí ẹ lóòótọ́. Jésù ti kú ikú náà fún ẹ."

Anselme sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó gba Jésù ní Olúwa. Lẹ́yìn náà ó ní kí Bérenger bá òun pe Denise lórí fóònù.

"Denise, mi ò ní kí o padà. Pardon, ìdáríjì, ni mo ń tọrọ."

Ohùn Denise jáde lẹ́nu tí wọ́n dì. "Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì ẹ́, ó dáa. Èmi, jẹ́ kí àgbọ̀n mi san ná."

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, Olúwa ṣetán láti dárí jì ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n eegun tí o bá ṣẹ́ kí o tó wá, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ ìrora rẹ̀. Kúnlẹ̀ nísinsìnyí, kí o tó tún ṣẹ́ òmíràn.