Ẹ Dúró Dè Mí

Àwẹ̀ró fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ní Ọ̀kà ni, ní ọdún 1953. Ìsinmi yunifásítì ni mo wà, mo wá ṣeré láti Ìkàrẹ́. Àwẹ̀ró ló ń lé orin lábẹ́ òkè, gbogbo èrò ń gbè. Orin tí àwọn obìnrin fi ń pe ara wọn bọ̀ láti oko ni.

“Ta ló kù lẹ́yìn o?”

“Èmi rèé, ẹ dúró dè mí!”

Orin kì í tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí wọ́n fi ń gbà á. Èmi náà la ẹnu. Gbogbo wọn ti dákẹ́ kí tèmi tó jáde.

“Bùọ̀dá ará Ìkàrẹ́,” ni Àwẹ̀ró wí, “ṣé ẹ kọ́kọ́ ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ni?”

Òótọ́ ló sọ. Mo ń wá ibi tí ègbè náà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, mi ò sì rí i. Ìfẹ́ rẹ̀ ni mo rí.

Nígbà tí mo lọ bá ìyá rẹ̀ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, kò bú mi. Nínú ilé tiwọn, bí ìyàwó bá ń lé orin, ọkọ ló ń ṣáájú ẹlégbè.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ẹni tí kò lè gbè é kò lè gbé e. Lọ kọ́ orin wa ná.”

Mo rò pé àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi náà rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà níbẹ̀. Ní ọdún 1956, Clement, akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní kí Àwẹ̀ró wá kọrin fún àwọn òyìnbó nínú gbọ̀ngàn ńlá kan.

“Ta ni yóò gbè é?” Àwẹ̀ró bi í.

“Gbogbo èrò ni!” Ọmọ Èkó ni Clement, ohun gbogbo ló rọrùn lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú. “Ọdẹ́yẹmí mi, bí wọn ò bá gbè é ńkọ́?”

Wọn ò gbè é. Wọ́n jókòó nínú kóòtù dúdú lórí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ẹnì kankan ò mira. Èmi mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀kà, bí èrò bá dákẹ́ mọ́ olórin, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ ni.

“Ta ló kù lẹ́yìn o?”

Ohùn rẹ̀ gun òrùlé, ó yí ká, ó padà wá bá a: lẹ́yìn o… Ó yára lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn tó ń lọ kọlu èyí tó ń bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Bó bá sá kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní lé orin mọ́ láé.

Ìgbà náà ló yé mi. Gbọ̀ngàn yìí ń pẹ́, bí èmi!

Ó tún lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dìde. Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ, kó bọ̀.

“Èmi rèé, ẹ dúró dè mí!”

Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Òyìnbó méjì yíjú wò mí tìbínú-tìbínú. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó sì ń fa ìparí orin gùn, ó ń dúró dè mí. Nígbà tí àtẹ́wọ́ bú jáde, ṣe ló fò sókè.

“Ṣé wọ́n ń lé mi ni?”

“Rárá, olólùfẹ́ mi. Wọ́n ń gbè é. Àwọn náà ń pẹ́ ni.”

Ní ọdún 1958, nígbà tí a padà dé láti Lọ́ńdọ̀nù, mo tún dúró níwájú ìyá rẹ̀ ní ojúde wọn ní Ọ̀kà. Kò sí òrùlé, kò sí ohùn tó ń padà.

“Ó yá, gbè é kí n gbọ́.”

Àwẹ̀ró lé e. Mo tún pẹ́. Mo mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ti ibí yìí. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò tíì pa ẹnu dé. Ó fa ìparí rẹ̀, ó fà á, títí mo fi wọlé.

Ìyá rẹ̀ kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ta ló kọ́ ẹ láti fa orin wa báyìí?”

“Gbọ̀ngàn òyìnbó ni, Màmá.”

“Ṣé gbọ̀ngàn wà níbí ni?”

“Kò sí, Màmá. Ọdẹ́yẹmí ló wà níbí.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀. “O ṣì ń pẹ́ o, ará Ìkàrẹ́.”

Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ lé e: “Ta ló kù lẹ́yìn o…”

Òun náà sì dúró dè mí.