Ta Ló Ń Gba Àyè Inú Kọ̀ǹpútà?

Rọ́fíàt ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà.

Rọ́fíàt jí ní kùtùkùtù, nínú ilé wọn ní Jollof Town, ní ìlú Banjul. Kò tilẹ̀ tíì bọ́jú. Ó sáré lọ sí pálọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Rọ́fíàt kúnlẹ̀.

"Káàárọ̀, Rọ́fí. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa. Ṣé Habeeb ti wọlé?"

Habeeb ni àbúrò rẹ̀ tuntun. Habeeb fúnra rẹ̀ ń sùn ní yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Fọ́tò Habeeb ni Rọ́fíàt ń béèrè.

Gbogbo fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wà nínú kámẹ́rà. Kámẹ́rà náà kì í ṣe tiwọn. Bọ̀ọ̀dá Ebrima ló ni ín. Ilé kejì ni ó ń gbé, iṣẹ́ fọ́tò yíyà sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Banjul ni Bọ̀ọ̀dá Ebrima. Ọjà ni ó ti kọ́ Yorùbá, lẹ́nu Bàbá.

"Màmúdù," ló wí fún Bàbá lánàá, "mo fẹ́ lọ ya fọ́tò ìyàwó kan ní ìlú Kotu nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bí mo bá ti gba kámẹ́rà mi, mo máa nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tètè kó ọmọ rẹ jáde."

Bàbá fi okùn so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́. Tà.

Wùùùùù, ni kọ̀ǹpútà ń dún. Wùùùùù.

Lẹ́yìn náà, tìn.

Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá kà á. Ó họ orí.

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Ó ní kò sí àyè."

Rọ́fíàt wo kọ̀ǹpútà níwájú. Ó wò ó lẹ́yìn. Kò rí ohunkóhun tó kún.

"Ta ló gba àyè náà?"

"Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó orin jáde nínú rẹ̀, àyè sì ṣí sílẹ̀. Ó tún ti kún."

"Ta ló kó nǹkan sí i?"

"Kì í ṣe èmi," ni Bàbá wí.

"Kì í ṣe èmi náà," ni Rọ́fíàt wí.

Rọ́fíàt lọ bá Màmá ní yàrá.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ kó nǹkan sínú kọ̀ǹpútà?"

"Èmi? Ọmọ yìí kò jẹ́ kí n ráyè bọ́jú, ìwọ ń sọ ti kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe èmi."

"Báwo ni àpótí ṣe lè kún, tí a kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Bí ikùn tìrẹ, nígbà tí o bá jẹ ìrẹsì tán," ni Màmá wí. "Ṣé a máa ń rí i?"

Ọ̀rọ̀ náà tún wá dàrú mọ́ Rọ́fíàt lójú.

Ó lọ bá Bàbá Àgbà ní àgbàlá. Bàbá Àgbà jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, Bàbá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bàbá Àgbà, kọ̀ǹpútà ti kún."

"Ohun tí wọ́n bá kó sí i ló kún un."

"Ta ló kó o sí i?"

Bàbá Àgbà fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tík.

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Kì í ṣe èmi."

Kì í ṣe Bàbá. Kì í ṣe Màmá. Kì í ṣe Bàbá Àgbà. Habeeb kò tíì lè jókòó.

Àbí eku ni?

Rọ́fíàt dọ̀bálẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó rí eruku. Ó rí ìdérí bírò. Kò rí eku.

Ó fi ìka kan àpótí kọ̀ǹpútà. Kò, kò, kò.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Wùùùùù.

"Rọ́fí," ni Bàbá pè é. "Géèmù rẹ yìí tóbi. Bí a bá yọ ọ́, àyè á wà."

"Ẹja pupa mi?"

"Ẹja pupa rẹ."

Rọ́fíàt fẹ́ràn ẹja pupa náà. Ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹja. Ó wo kámẹ́rà.

"Ẹ yọ ọ́."

Tà. Ẹja pupa lọ.

"Àyè ti wà," ni Bàbá wí. "Ó tó. Ó tó dáadáa."

Ó na ọwọ́ sí okùn kámẹ́rà. Pì. Iná lọ.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Iná kò dé. Àkókò ìrun Jímọ̀ dé.

"Màá kó wọn wọlé bí mo bá ti mọ́ṣáláṣí dé," ni Bàbá wí. "Bá mi ṣọ́ kọ̀ǹpútà."

"Màá ṣọ́ ọ, sà."

Bàbá àti Bàbá Àgbà wọ agbádá funfun. Wọ́n jáde lọ.

Rọ́fíàt ronú díẹ̀. Ẹni tí a ń ṣọ́ kò gbọdọ̀ rí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ó fa aṣọ tábìlì bo ara rẹ̀.

Ooru mú. Eruku wọ imú rẹ̀. Kò sín.

Iná dé.

Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ṣàà, ṣàà, ṣàà.

Olè náà dé, ni Rọ́fíàt rò. Àyà rẹ̀ ń lù, gbì, gbì, gbì.

Ó yọjú díẹ̀. Sálúbàtà awọ ni ó rí. Sálúbàtà Bàbá Àgbà ni.

Ní gbogbo Jímọ̀, bí wọ́n bá kírun tán, Bàbá Àgbà máa ń lọ sí ìdí sàréè Ìyá Àgbà. Á ṣe àdúà fún un. Lẹ́yìn náà, á wá sí pálọ̀ láti wo fídíò rẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Bàbá Àgbà jókòó. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ó mú sídì kan jáde nínú áńkáṣíìfù. Ó rọra tì í bọ inú àpótí.

Tìn.

Bàbá Àgbà tẹ orí síwájú. Ó pẹ́ kó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ẹ́. Tà.

Wùùùùù. Wùùùùù. Wùùùùù. Ó ń dún, kò dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, Rọ́fíàt gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. Ó ń pe adìẹ. "Ẹ wá jẹun o. Ẹ wá, ẹ wá."

Rọ́fíàt yọ orí jáde.

"Bàbá Àgbà."

"Ta nìyẹn? Kí lo ń ṣe lábẹ́ tábìlì?"

"Mo ń ṣọ́ olè, sà."

"Olè wo?"

"Ẹni tó ń gba àyè inú kọ̀ǹpútà."

"O ti rí i?"

Ọmọdé kì í pe àgbà lólè. Bàbá Àgbà kì í sì í ṣe olè. Rọ́fíàt họ orí bí Bàbá.

"Kí lẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, sà?"

"Ó bi mí ní ìbéèrè. Ó ní ṣé kí òun pa fídíò yìí mọ́ sínú. Bàbá rẹ ti fi hàn mí: bẹ́ẹ̀ ni nìyí, rárá nìyí."

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé gbogbo Jímọ̀ ló máa ń bi yín?"

"Gbogbo Jímọ̀."

"Gbogbo Jímọ̀ lẹ sì máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá Àgbà wo Ìyá Àgbà lójú kọ̀ǹpútà.

"Kí ni ǹ bá wí?" ló béèrè. "Ṣé kí n wí pé rárá, lójú rẹ̀?"

Rọ́fíàt wo Ìyá Àgbà. Òun náà kò lè wí pé rárá.

Bàbá, tó ti ń dúró níta kí Bàbá Àgbà wo fídíò tán, wọlé pẹ̀lú ayọ̀. "Iná ti dé. Habeeb, ó yá, ó kàn ọ́."

Ó so okùn kámẹ́rà. Tà. Wùùùùù. Tìn.

"Kò sí àyè," ni Bàbá kà. Ó jókòó gbì. "Àyè wà láàárọ̀. Mo fi ojú ara mi rí i. Àbí orí mi ló ń dàrú ni?"

Rọ́fíàt wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà wo ilẹ̀.

"Bàbá," ni Rọ́fíàt rọra wí, "ẹ jẹ́ ká wo ibi tí fídíò Ìyá Àgbà wà."

Bàbá ṣí ibẹ̀.

Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà.

Bàbá fà á sísàlẹ̀. Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà. Ó tún fà á. Ìyá Àgbà ṣì wà níbẹ̀.

"Ta ló..." Bàbá bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni, Màmúdù," ni Bàbá Àgbà wí. "N kò mọ̀ pé ó ń di púpọ̀. Ẹyọ kan ni mo rò pé mò ń pa mọ́."

Bàbá na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Kò burú, sà. A máa yọ wọ́n."

Bàbá Àgbà dìde dúró. "Yọ ìyá rẹ?"

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohùn kan wá láti ìta. Bọ̀ọ̀dá Ebrima ni. "Màmúdù, mo ń bọ̀ o. Ife tíì àtáyà kan ló kù kí n mu."

Bàbá wo kámẹ́rà. Ó wo bàbá rẹ̀. Kò mọ èyí tí yóò ṣe.

Rọ́fíàt gun àga. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò wọ́n," ló wí.

Wọ́n ṣí ọ̀kan. Ìyá Àgbà ń bọ́ adìẹ. Adìẹ funfun kan fò gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣí òmíràn. Ìyá Àgbà ń bọ́ adìẹ. Adìẹ funfun kan fò gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín.

"Adìẹ kan náà ni," ni Rọ́fíàt wí. "Ẹsẹ̀ kan náà ló sì gùn. Bàbá Àgbà, Ìyá Àgbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn."

"Bí a bá wá yọ ọ̀kan ńkọ́?" ni Bàbá Àgbà béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká yọ ẹyọ kan péré. Ká wá wò ó bóyá á ṣì wà."

Bàbá Àgbà fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹyọ kan péré."

Tà.

Rọ́fíàt yára ṣí èyí tó tẹ̀lé e. Adìẹ funfun fò. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín.

"Ó wà," ni Rọ́fíàt wí.

"Ó wà," ni Bàbá Àgbà wí. Ó jókòó. "Yọ òmíràn."

Tà. Ó ṣì wà.

"Sún kúrò, Màmúdù. Màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Tà. Tà. Tà. Tà.

"Ẹ dúró, sà," ni Rọ́fíàt wí. Ó di ọwọ́ Bàbá Àgbà mú. "Ó ku ẹyọ kan. Èyí ni tiwa."

Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò. "Bó bá tún bi mí ní Jímọ̀ ńkọ́?"

Rọ́fíàt ronú. "Ẹ lè ní rárá. Rárá yẹn kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ ẹ. Ó ti wà nílé ni."

Bàbá Àgbà mi orí pé ó yé òun, ó tún mi orí.

Bàbá so okùn kámẹ́rà. Tà.

Wùùùùù.

Habeeb wọlé. Habeeb ń sùn. Habeeb ń ké. Habeeb nínú aṣọ funfun. Habeeb lọ́wọ́ Màmá.

"Àyè pọ̀ gan-an báyìí," ni Bàbá wí. "Rọ́fí, ẹja rẹ lè padà lọ́la."

Bọ̀ọ̀dá Ebrima wọlé. "Asàláàmù aléékùm. Kámẹ́rà mi dà?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyàwó ń dúró dè mí ní Kotu."

"Kò ní sá lọ," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti san owó orí rẹ̀."

Tìn.

Rọ́fíàt di ojú. Ó ń bẹ̀rù ohun tí kọ̀ǹpútà máa wí.

"Ó ti wọlé tán," ni Bàbá kà. "Gbogbo rẹ̀ ló ti wọlé."

Rọ́fíàt la ojú. Ó fò sókè.

"Wááw," ni Bọ̀ọ̀dá Ebrima wí, bí wọ́n ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni ní Banjul. Ó mú kámẹ́rà rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn.

Fọ́tò tó kẹ́yìn ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá arúgbó kan tẹ̀ ba. Ó ń pe ìrun sí Habeeb létí.

"Ta ni arúgbó yìí?" ni Bàbá Àgbà béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kọ́. Èyí ti gbó jù."

"Èmi ni mo yà yín," ni Bọ̀ọ̀dá Ebrima wí lẹ́nu ọ̀nà. "Kámẹ́rà mi kì í purọ́."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rín in, ó rín in, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú yàrá, ẹnì kan pariwo. Ìnyáà, ìnyáà.

Màmá gbé Habeeb jáde. "Ṣé ẹ ti jí i báyìí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sùn ni."

"Gbé e wá," ni Bàbá Àgbà wí.

Ó gbé Habeeb lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́fíàt fara tì wọ́n. Ó ṣí fọ́tò kan, èyí tó tóbi jù.

Habeeb wo Habeeb.

Ó dákẹ́. Ó sì yán.