Ẹ Fẹnu Dáhùn

Eruku pákó ṣì wà nírun ojú ọkùnrin gíga tó wá jẹ́rìí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́yà bi í bóyá òun ló kan òrùlé tó wó. Ó mi orí sókè-sódò. Ṣé ó sọ fún onílé pé igi òrùlé náà ti jẹrà? Ó tún mi orí, bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ ló búra.

Akọ̀wé ilé ẹjọ́, ọmọbìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ, dá ọwọ́ dúró. Bọ́tìnnì ẹ̀rọ rẹ̀ kò pọ̀. Á tẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odindi ọ̀rọ̀ á jáde. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì orí mímì níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fẹnu dáhùn. Ẹ̀rọ kì í kọ orí mímì."

Káfíńtà náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ wọ ọmọbìnrin náà lára débi pé díẹ̀ ló kù kó gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ túká, káfíńtà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "N kò gbọdọ̀ bá ẹlẹ́rìí tàkúrọ̀sọ títí ẹjọ́ á fi parí," ọmọbìnrin náà wí. Oṣù méjì gbáko ni ọkùnrin náà fi ń juwọ́ sí i láti òdìkejì títì. Ọjọ́ tí adájọ́ dájọ́ ló sọdá wá bá a.

Bàbá ọmọbìnrin náà, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ̀ jálẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra wọn. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mú un wá. Tí kò bá lè sọ tẹnu rẹ̀, kó máa lọ."

Nígbà tó dé, bàbá bi í pé, "Ṣé o fẹ́ràn ọmọ mi?"

Ó mi orí.

"O rí i bí?" ni bàbá wí fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fa ẹ̀rọ rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó gbé e kalẹ̀, ó gbé ìka lé e. "Olólùfẹ́ mi, mò ń gbọ́."

Ọkùnrin náà kọjú sí bàbá. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ yín ní kí n fẹnu dáhùn, mo rí ẹni tó fẹ́ gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kó di aya mi."

"Kà á padà," ni bàbá wí.

Ọmọbìnrin náà kà á, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé "aya mi," ohùn rẹ̀ já.

Bàbá bọ́ awò ojú, ó nu ún. "Ó ti wọ àkọsílẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, ṣé o gbà?"

Ọmọbìnrin náà nu omijé. Ó mi orí.

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fẹnu dáhùn."

"Mo gbà," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.