Ọdún Mẹ́ta tí Daria Fi Wò Wá láti Inú Mọ́tò

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, bí adágún wa ní Manitoba, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, bá ti di yìnyín, àwa obìnrin mẹ́fà máa ń wọ bàtà onírin tó ń yọ̀, a ó sì máa sáré lórí yìnyín. Àwọn ọkọ wa á dá iná létí omi, wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Daria Hnatiuk ló yára jù nínú wa. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó sì ti ní àtọ̀gbẹ irú kìíní láti ìgbà tó ti wà lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ara rẹ̀ kò ṣe ìnsúlíìnì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mọ́ rárá, abẹ́rẹ́ ló fi ń fún ara rẹ̀. Kò fi pamọ́ fún wa. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀ rí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé kan, Daria jẹun ọ̀sán, ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń gún un, ó sì wá bá wa lójú ẹsẹ̀. A sáré dé erékùṣù kékeré tó wà láàárín adágún. Bí a ṣe ń bọ̀, ó ní kí n bá òun gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

"Ìkòkò wo?" ni mo bi í. "Orí yìnyín la wà o."

"Ìwọ ṣáà gbé e, Colleen. Ó ti ń jóná."

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń bá wa ṣeré ni, a sì sáré lọ, a fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a máa bojú wẹ̀yìn, Daria ti wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wá gbé e.

Nígbà tó padà délé, Petro, ọkọ rẹ̀, kó bàtà onírin rẹ̀ lọ sókè àjà.

"Ó parí," ni Petro wí. "O ò ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Daria kò bá a jiyàn. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ṣùgbọ́n kò lè jókòó sílé. Ní gbogbo Sátidé, á bá Petro wá sétí omi, á jókòó sínú mọ́tò, á máa fi apá ẹ̀wù nu gíláàsì tí èémí rẹ̀ ti bò, á sì máa wò wá. Nígbà míì mo máa ń lọ jókòó tì í. Ojú rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa rọra lọ sọ́tùn-ún, sósì, nísàlẹ̀ ìjókòó, bíi pé òun náà wà níbẹ̀.

"Kí lò ń rò?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìró yẹn ni," ló wí. "Ìró tí irin máa ń ṣe lórí yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀. Tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ ọ."

Ọdún méjì kọjá báyìí. Jíjókòó náà kò ṣe é lóore: ó ń sanra, ìnsúlíìnì tó ń lò ń pọ̀ sí i, bó bá sì gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, á dúró mí kó tó lè sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kẹta, bí adágún ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, èmi àti Daria wà nínú mọ́tò nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ gbá gíláàsì rẹ̀. Mavis Beardy ni, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn ìlú wa. Ọmọ Cree ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Kánádà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, òun ló sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ìmárale.

"Ta lò ń ṣọ́?" ló bi Daria.

"Mi ò ṣọ́ ẹnì kankan, Nọ́ọ̀sì. Mò ń wòran ni."

"Ọdún kẹta rèé. Ìran ọ̀hún ò tíì sú ọ?"

Daria fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú rẹ̀. Mavis ṣílẹ̀kùn, ó wọlé tì wá, ó sì ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà lápá rẹ̀, bíi ti Daria gan-an.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí èmi náà ti ń gún abẹ́rẹ́," ló wí. "Láàárọ̀ yìí, mo rin kìlómítà márùn-ún."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí. Ìdí tí mo fi lọ kọ́ ọ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n kàn ní kí n máa ṣe eré ìmárale."

"Ẹjọ́ rẹ kọ́ nígbà náà. Wá rí mi lọ́jọ́rú. Mú ọkọ rẹ dání. Colleen, ìwọ náà máa bọ̀."

Lọ́jọ́rú, Petro káwọ́ gbera ní ọ́fíìsì Mavis.

"Ẹ má bínú o, Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Lóòótọ́, mi ò sí níbẹ̀. Níbo nìwọ wà?"

Petro wo ilẹ̀.

"Ìdí iná. Mo rí àwọn yòókù tí wọ́n ń bọ̀, mi ò rí i láàárín wọn. Inú bí mi. Mo ní ó tún ti lọ ń ṣe àṣejù ẹ̀. Mo mu tíì mi tán kí n tó dìde."

Daria yíjú sí i. Kò gbọ́ ọ rí.

"Petro."

"Tíì ni mò ń mu, Daria. Ìwọ wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi ń mu tíì."

Daria fà á lọ́wọ́, kò sì fi í sílẹ̀. Èmi náà wá sọ tèmi: mo ní ó ń ṣarán, èmi sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Mavis wí. "Ẹ ti jẹ́wọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Iṣẹ́ sì ni lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni Daria fi lọ sílé ìwòsàn. Àwọn irin tó wúwo ni Mavis kọ́kọ́ ní kó máa gbé, lẹ́yìn náà ló ń gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan.

"Kí ló dé tí mo fi ń kọ́kọ́ gbé irin?" ni Daria bi í.

"Tí o bá kọ́kọ́ gbé irin, ṣúgà rẹ kì í sáré wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó o bá ń sáré. Eré gígùn ló máa ń fà á wálẹ̀."

"Ọjọ́ tí mo ṣubú ńkọ́?"

"Odidi ìnsúlíìnì oúnjẹ ọ̀sán wà lára rẹ, o wá fi eré gígùn lé e. Bí o bá mọ̀ pé o máa sáré lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ máa jọ dín in kù, ìwọ àti dókítà. Má dá a dín fúnra rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ṣúgà rẹ̀ bọ́ sí 3.8 lórí kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ewu ni bó bá ti wà lábẹ́ 4. Daria sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mavis fún un ní omi ọsàn, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n tún wò ó: 5.6.

"Ṣé o rí i?" ni Mavis wí. "Ó wálẹ̀, a rí i, a gbé e sókè. O ò kú."

Petro kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn tó ń gbé ṣúgà sókè sí imú ẹni tó bá dákú. Ó fi ike oògùn òfo dánra wò títí Daria fi ní kó jọ̀ọ́ fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ náà tán, òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè àjà lọ kó bàtà onírin náà wá.

Ní Sátidé kejì oṣù Fẹ́búárì, Daria sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ti dín abẹ́rẹ́ ọ̀sán rẹ̀ kù bí dókítà ṣe wí. Ẹ̀rọ rẹ̀ ka 6.1, ó kọ́kọ́ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ó fi ẹ̀rọ àti súìtì sábẹ́ ẹ̀wù, lára rẹ̀ gan-an, nítorí òtútù máa ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ yìnyín.

Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló ń pariwo lé wa lórí pé a ti di arúgbó.

A ti sáré ogójì ìṣẹ́jú, a sì ti ń rí àwọn igi erékùṣù, nígbà tó dúró. Ẹ̀rọ ka 4.9, ó sì ń lọ sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ló sọ fún àwọn yòókù. "Ẹ bá mi dé ibẹ̀."

Èmi dúró tì í. Ó jẹ súìtì, a jókòó sórí yìnyín, a ń dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wa. Ó tẹjú mọ́ erékùṣù náà.

"Ó wù mí," ló wí. "Colleen, ó wù mí débi pé ó ń dùn mí láyà."

"Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀."

"Mo mọ̀. Mi ò lọ lónìí." Ó tún wo ẹ̀rọ rẹ̀: 6.3. "Ẹ̀yìn la ń lọ, kó má baà tún wálẹ̀ níwájú."

Bí a ṣe rọra padà nìyẹn. Adágún yọ́ ní oṣù Kẹrin kí Daria tó dé erékùṣù. Ó ṣì ń gbé irin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́bọ̀, ó sì ń ka oṣù tó kù kí omi tó tún dì.

Ìwọ tó o ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, eré ìmárale kì í ṣe èèwọ̀ fún ọ. Ó ń ran ọkàn, iṣan àti ara rẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ ọ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Wo ṣúgà rẹ ṣáájú, wò ó láàárín, wò ó lẹ́yìn. Bí kò bá tó 7, jẹ nǹkan díẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà lókè 15, tàbí tí ara rẹ kò yá, má tíì bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìnsúlíìnì kò tó lára rẹ. Bí ó bá bọ́ sábẹ́ 4, dúró, mu ohun dídùn, sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o sì tún un wò. Níbi tí ẹ̀rọ bá ń ka ṣúgà ní mg/dL dípò mmol/L, 4 wa jẹ́ nǹkan bí 70, 7 jẹ́ 126, 15 sì jẹ́ 270. Ṣúgà lè wálẹ̀ lóru lẹ́yìn eré ọ̀sán, nítorí náà wò ó kó o tó sùn. Má sì dá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ọkọ àti aya, ẹ béèrè. Bí ẹni yín bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ẹ fún un ní ohun dídùn kíákíá, ẹ má sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu: ẹ lo oògùn rẹ̀ bí ẹ bá ti kọ́ ọ, kí ẹ sì pe àwọn oníṣègùn.

Ohun tó bá ń wù ọ́ láti fi ara rẹ ṣe, má sin ín sínú. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí rẹ, kó o sì sọ fún wọn pé, "Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é."